Ẹ Má Fi Ààyè Ehoro Ṣe Ẹ̀bùn Àjíǹde Fọ́mọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, n kò sì kọ̀wé sí yín rí. Àwòrán kan tó wà nínú èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi jókòó kọ èyí. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ ọdún, tó gbé ọmọ ehoro funfun kan dání. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀bùn Àjíǹde tó ń múnú ọmọdé dùn ni. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbèrò ibi kankan. Ṣùgbọ́n mo wo àwòrán yẹn títí. Abẹ́ apá ni ọmọ náà ti gbá ehoro yẹn mú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ń fì dirodiro, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Ẹni tí kò bá sin ehoro rí yóò sọ pé ó mà fara balẹ̀ o. Kò fara balẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á tó fi dúró gbagidi bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí àìmọ̀ mi fà sì ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́ta, mo ra ehoro kan fún ọmọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Láti oṣù kejì ni ehoro ti wà níbi gbogbo: ehoro lára káàdì, ehoro lára ògiri ilé ìwé wọn, ehoro oníṣokoléètì nínú gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì. Ó ti ń bẹ̀ mí láti Kérésìmesì pé òun fẹ́ ọ̀kan. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ náà, ọkàn mi sì ń dá mi lẹ́bi. Mo ní kí n fi ohun kan tù ú nínú. Ẹni tó ta ehoro náà fún mi kò béèrè ibi tí yóò máa sùn, kò béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ó kó o sínú páálí tí wọ́n dá ihò sí lára, ó fún mi ní oúnjẹ ọ̀rá kan, mo sì gbé e lọ sílé.

Ọmọ mi sọ ọ́ ní Bọ́ọ̀lù, nítorí pé ó rí roboto. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìjẹ̀bú. Ìbéèrè kan ni màmá bi mí lórí fóònù: “Ta ni yóò máa já ewé fún un?” Mo ní oúnjẹ rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rá. Ẹ ó rántí pé nílé, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ewúrẹ́ sìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n lè jọ pín ọmọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi í sìn lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kàn gba okùn. Yóò ti ro ibi tí ewúrẹ́ yóò máa sùn, yóò ti ro ẹni tí yóò máa ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ fún un lọ́jọ́ tí òun kò bá sí nílé. Irú ìbéèrè yẹn ni màmá mi bi mí. N kò fetí sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọmọ mi kì í gbé e sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bọ́ọ̀lù ti dàgbà, ó ń tọ̀ sára ògiri, ó ń fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ gbì-gbì lóru, bí ọmọ bá sì fẹ́ gbé e, a gé e jẹ tàbí kí ó fi èékánná ya á lọ́wọ́. Èmi ń sọ pé ìwà rẹ̀ ti bàjẹ́. N kò mọ̀ pé láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ehoro máa ń bàlágà, tí ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ mọ́ bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lè bímọ fún un. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. A gbé kéèjì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí a ń kó bàtà sí. Ibẹ̀ ló wà láti àárọ̀ dalẹ́, nínú kéèjì tí kò lè fò lẹ́ẹ̀mejì kó má fi imú gbá irin. Mo ń fún un ní kárọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì, torí pé kárọ́ọ̀tì ni ehoro máa ń jẹ nínú àwòrán ọmọdé. Ṣúgà ló pọ̀ nínú kárọ́ọ̀tì. Ìgbà díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí ehoro máa tọ́ ọ wò, bí ọmọ ṣe ń tọ́ súìtì wò. Koríko gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní hay níbí, ló yẹ kó jẹ́ bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀. Èmi fọ́n díẹ̀ sínú kéèjì kí ó lè máa fi sùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo rí i, mo sì ní bóyá ó ti yó. Mo lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún lọ lálẹ́ Sátidé, mo sì ń sùn lójú ọ̀sán. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ehoro rí. Ẹran tí àṣá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń pa jẹ ni, èyí tó bá sì fi àìsàn hàn nínú ìgbẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé. Torí náà, yóò máa fi í pamọ́ títí yóò fi bọ́ sórí. Nígbà tí mo fi máa gbé Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti ká jọ, etí rẹ̀ ti tutù.

Dókítà náà la ẹnu rẹ̀, ó tan iná sí i, ó ní kí n wá wò ó. Eyín tó wà nínú lọ́hùn-ún ti gùn, ó ti ya ahọ́n rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé eyín ehoro kì í dáwọ́ dúró, pé ó ń hù láti ìgbà tí wọ́n ti bí i títí dọjọ́ ikú rẹ̀, àti pé koríko gígùn tó ń rún láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń bá a lọ̀ ọ́ kúrò. Koríko kan náà ló ń ti ìfun rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí kò bá jẹun, ìfun á dákẹ́, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, kò sì lè bì í síta torí pé ehoro kì í bì. Ó ní bí ehoro bá lo wákàtí 12 láìjẹun tí kò sì yàgbẹ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Tiwa ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbìyànjú, ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ọmọ mi ti ilé ìwé dé, mo sọ fún un. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó bi mí pé: “Màmi, ṣé kò sọ fún wa ni?” Títí dòní, ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi.

Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń lọ ṣèrànwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù níbi kan tí wọ́n ti ń gba ehoro tí àwọn èèyàn kò fẹ́ mọ́. Mò ń fọ abọ́, mò ń pààrọ̀ koríko, mò ń gbálẹ̀. Oṣù kẹfà àti ìkeje ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Àwọn ọmọ ehoro tí wọ́n rà ní Àjíǹde ti bàlágà, ọmọ ilé ti rí nǹkan mìíràn fi ṣeré, ìdílé sì fẹ́ rìnrìn àjò. Obìnrin kan gbé méjì wá tí wọ́n sọ fún un pé abo ni méjèèjì. Akọ ni ọ̀kan. Oyún ehoro kò ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ, nígbà tó sì fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti di mẹ́sàn-án. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi gbé tiẹ̀ wá nínú páálí, ó rọra fi èdè wa sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á.” Ojú ń tì í. N kò bá a wí, mo kàn gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe dáadáa tó gbé e wá, torí àwọn mìíràn ń lọ tú tiwọn sílẹ̀ nínú páàkì, wọ́n rò pé ehoro ilé yóò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó. Kò mọ̀ ọ́n. Funfun rẹ̀ nìkan ti tó láti fi í han kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ehoro tí a bá tọ́jú dáadáa máa ń lo ọdún mẹ́jọ sí méjìlá láyé. Ọmọ ọdún méje tí ẹ fún ní ẹ̀bùn yìí yóò ti máa múra yunifásítì kí ehoro náà tó kú. Kì í fẹ́ dá gbé, méjì ló yẹ kó wà pọ̀, kí wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn fún àwọn méjèèjì. Abo tí wọn kò bá ṣe é fún, jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ lára rẹ̀ bó bá ti ń dàgbà. Ní Bìrìtìkó, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tó yẹ kí wọ́n máa gbà lọ́dọọdún. Ní ti ibùgbé, ẹgbẹ́ Rabbit Welfare Association and Fund ní kí ehoro méjì ní ààyè tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì ga ní mítà 1, kí wọ́n lè máa wọ ibẹ̀ nígbàkúùgbà. Ẹ wo yàrá àwọn ọmọ yín, kí ẹ wo ibi tí ẹ ó ti yọ ìyẹn. Nínú fúláàtì tiwa, kò síbi tó lè gbà á.

Òfin pàápàá ti sọ ẹni tó ni ẹrù náà. Òfin ìtọ́jú ẹran ti ọdún 2006 tí wọ́n ń lò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kò gbà kí wọ́n ta ẹran ọ̀sìn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, bí ẹran bá sì wà níkàáwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tó ń tọ́ ọmọ náà ni òfin yóò bi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà náà, ìpínlẹ̀ California fòfin dè é lọ́dún 2019 pé ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn kò gbọdọ̀ ta ehoro àyàfi èyí tó bá wá láti ibùdó ìgbẹ̀mílà, láti ọdún 2021 wọn kò sì gbọdọ̀ tà á rárá, New York náà fòpin sí títà wọn nílé ìtajà ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Àwọn tó ṣe òfin wọ̀nyí ti rí ohun tí mò ń rí níbi tí mo ti ń ṣèrànwọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Àwa Kristẹni tilẹ̀ wà tí a rò pé ehoro jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Kò sí ehoro nínú ìtàn Àjíǹde. Àṣà àwọn ará Jámánì ni ehoro tó ń gbé ẹyin wá fọ́mọ, àwọn tó ṣí lọ sí Pennsylvania láàárín wọn ló gbé e dé Amẹ́ríkà. N kò sọ pé kí ọmọ má ṣe ọdún. Ẹ ra oníṣokoléètì fún un. Ìpolongo kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí èyí ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 2002, pé ehoro ṣokoléètì ni kí wọ́n máa fún ọmọ dípò ààyè. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n fi aṣọ rán pẹ̀lú, èyí tí ọmọ lè gbá mọ́ra, tó lè gbé sùn, tó lè gbà kó já bọ́ láìsí ohun tó máa ṣe é. Egungun ààyè ehoro fúyẹ́. Bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣẹ́.

Bí ọkàn yín bá sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá ná. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ mú ọmọ lọ sí ibùdó tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ehoro náà fún wákàtí kan. Ẹ má gbé wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá yín fúnra wọn. Ẹ ó mọ̀ níbẹ̀ bóyá ọmọ yín ní irú sùúrù yẹn, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ẹ̀yin ní in, torí ẹ̀yin ni ẹ ó máa dìde lóru.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá tún máa tẹ àwòrán ehoro nígbà Àjíǹde tó ń bọ̀, ẹ lo èyí tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ọdún tó ń lò láyé sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí, ó sì máa ń tẹ̀ lé mi lọ síbi tí mo ti ń ṣèrànwọ́. Ó ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kan níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo ti fi í sínú àpòòwé yìí, ó sì ní kí ẹ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ìyá Ìfẹ́olúwa,
Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù.