Ẹ̀rọ wà, oògùn ni kò sí

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni ìyá mi ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, kò sì fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ti ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan apá rẹ̀, wọ́n ti fi pílásítà lẹ̀ ẹ́, kí nọ́ọ̀sì tó jáde wá sọ pé oògùn onítànṣán tí wọ́n fẹ́ fún un kò yege àyẹ̀wò, ká máa lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Ẹ̀rọ ayàwòrán ńlá wà nínú yàrá kejì, kò sí ohun tó ṣe é. Oògùn ni kò sí.

Ẹ̀rọ ni àwọn aláṣẹ fẹ́ràn láti rà, kí wọ́n lè pe oníròyìn wá wò ó. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ọ̀hún kò lè dá rí jẹjẹrẹ. Fluorine-18, èròjà onítànṣán tí wọ́n so mọ́ ohun tó jọ ṣúgà, ló ń tú u fó, torí jẹjẹrẹ a máa gbé ṣúgà mì bí ẹni tébi ń pa. Ní ìṣẹ́jú 110, ìdajì fluorine náà ti lọ. Onímọ̀ kẹ́mísìrì á so ó, á sẹ́ ẹ mọ́, á yẹ̀ ẹ́ wò, aago ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ẹni méjì péré ni wọ́n, tí ara ọ̀kan kò wá yá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Iṣẹ́ fífi irú èròjà bẹ́ẹ̀ tọpa nǹkan ni onímọ̀ kẹ́mísìrì George de Hevesy fi gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísìrì ti ọdún 1943. Nígbà tí rìákítọ̀ Chalk River ní Kánádà, ilé ẹ̀rọ átọ́míìkì tí wọ́n ti ń ṣe ohun tó ń di technetium-99m, dákẹ́ ní 2009, àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ló ń wá technetium náà kiri, torí òun ni èròjà onítànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara. Ìgbà yẹn ló yẹ kí wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n má fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ kankan mọ́, àfi tí owó yàrá kẹ́mísìrì àti owó oṣù àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá wà nínú ìwé kan náà. Kí owó ìwádìí náà wà níbẹ̀. Lutetium-177, èròjà onítànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ gan-an, onímọ̀ kẹ́mísìrì ló ń ṣe àgò tó dì í mú, kó má baà já bọ́ lójú ọ̀nà, kó lọ wọnú eegun tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń wá irú àgò bẹ́ẹ̀, kì í bá ẹ̀rọ wọlé.

Kí wọ́n sì jẹ́ kí oògùn yege ná, kí wọ́n tó gún aláìsàn lábẹ́rẹ́.

Mo tún un sọ: ẹ̀rọ wà, oògùn ni kò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni wọ́n tún dá fún ìyá mi. Kókó tó wà lọ́rùn rẹ̀ ń tóbi sí i.

Ọmọ aláìsàn kan