Lílo oògùn ikọ́ ife tán kọ́ ni òpin ìtọ́jú

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn tí ẹ máa ń gbé jáde lórí ikọ́ ife ní gbogbo ọjọ́ 24, oṣù Kẹta. Ibi tí aláìsàn bá ti lo oògùn oṣù 6 tán ni ìròyìn náà máa ń parí sí, ohun tó sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa sọ.

Olùkọ́ ni mí. Mo lo oògùn mi pé, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọn ò rí kòkòrò mọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Síbẹ̀, bí mo bá ń kàwé sókè fún àwọn ọmọ kíláàsì, mi ò lè ka gbólóhùn gígùn kan délẹ̀. Màá fọwọ́ ti tábìlì, màá mí, kí n tó máa bá a lọ. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀. Wọ́n á dákẹ́ dè mí.

Kòkòrò ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó jẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró ti di àpá, ojú àpá kì í sì í jọ ojú ara. Ibi tó ti le kì í fẹ̀ dáadáa mọ́ béèyàn bá mí sínú. Ti ẹlòmíì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń gbára jọ sí ọ̀nà èémí tó ti bàjẹ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, Aspergillus, sì lè sọ ihò tí ikọ́ gbẹ́ sílẹ̀ di ilé, kí onítọ̀hún máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí ikọ́ tún mú mi, wọ́n fẹ́ dá mi padà sórí oògùn ikọ́ ife láì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò. Ikọ́ ife lè padà wá, ó sì yẹ kí wọ́n wá a dáadáa. Àmọ́ àpá náà ń hàn nínú ẹ́síréè, nítorí náà kì í ṣe ẹ́síréè nìkan ló yẹ kí wọ́n fi dájọ́.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ẹni tó bá parí oògùn wò. Kò le: kí ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn èémí, kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 6 kí wọ́n wo ibi tó rìn dé. Kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi èémí ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Èmi ń ṣe é láràárọ̀: màá mí sínú díẹ̀díẹ̀, màá la ẹnu, màá sì tú u jáde pẹ̀lú agbára, "hàà!" Ó ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an, ó sì dùn mí pé ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn aláṣẹ ètò ìlera léèrè: ìgbà wo ni àyẹ̀wò yìí máa di ara ìtọ́jú ikọ́ ife?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan