Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Ẹni Bá Ti Lọ Tán

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Kò sí àdúrà tí "Àmín" rẹ̀ ń dún tó ti ẹ̀mí gígùn. Bí a bá ti ní a ó dàgbà, a ó darúgbó, gbogbo ilé a mì tìtì. Àmọ́ nígbà tí a bá pẹ́ láyé tán, ta ni yóò ṣẹ́kù nínú àwọn tí a jọ ṣe kékeré?

Nínú gbogbo ẹni tí àkọsílẹ̀ ìbí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò tíì sí ẹni tó pẹ́ láyé tó Jeanne Calment. Ìlú Arles ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní 1875. Ẹni ọdún 122 ni nígbà tó kú ní 1997. Ìtàn rẹ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù ni ti lọ́yà kan tó bá a ṣe àdéhùn ní 1965. Lọ́yà yóò máa san 2,500 owó franc fún un lóṣooṣù. Bí ìyá bá ti kú, ilé tí ìyá ń gbé di tirẹ̀. Ẹni ọdún 47 ni lọ́yà, ìyá ti pé 90. Ó jọ ọgbọ́n, àbí? Ọgbọ̀n ọdún ló fi san owó yẹn, ó sì kú ṣáájú ìyá. Opó rẹ̀ ló ń bá a san án lọ. (Màmá yìí mu sìgá títí ó fi lé ní 110 ọdún. Ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn o!)

Ẹ̀rín la máa ń fi ìtàn yẹn rín. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú ní 1934. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1942. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó ní kú ní 1963. Nígbà tí lọ́yà fi dé, kò sí àrólé kankan nílé mọ́. Bí ọdún 34 ló tún lò láyé lẹ́yìn tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Ẹ rántí Jékọ́bù níwájú Fáráò. Ọba bi í pé ọdún mélòó ni ó jẹ́. Ó ní 130, ó sì fi kún un pé ọjọ́ òun kò pọ̀, pé ibi ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó sin Rákẹ́lì lójú ọ̀nà, tó sunkún Jóṣẹ́fù fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ìdáhùn wo la fẹ́ kó fún ọba?

Ikú ọmọ rẹ̀ ló lé Fauja Singh, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sórí eré sísá. Ẹni 89 ọdún ni nígbà tó kọ́kọ́ sá máratọ́ọ̀nù ní Lọ́ńdọ̀nù; ní 2011 ó sá òmíràn parí ní Toronto, wọ́n ní ó ti pé 100. Kò ní ìwé ìbí, nítorí náà wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó ta yọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà sá a.

Ti Lucile Randon ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Sister André. Ní January 2021, ó ku díẹ̀ kó pé 117, kòrónà wọ ilé àwọn arúgbó tó ń gbé ní Toulon, ní ilẹ̀ Faransé. Àrùn náà mú un, ó sì pa nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́, orí kẹ̀kẹ́ ló ń jókòó sí. Síbẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ pé kò bẹ̀rù fún ara rẹ̀. Àwọn yòókù nínú ilé ló ń bèèrè. Ó rí ẹgbẹ́ tuntun, ọmọdé sì ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ọdún 118 ló lò kó tó sùn nínú Olúwa ní 2023.

Onísáàmù gbàdúrà pé, "Má ṣe ṣá mi tì ní ìgbà ogbó." Nítorí náà mo ní iṣẹ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Orúkọ àwọn àgbà tí kò lè wá sí ìsìn mọ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Ẹ lọ gbà á, ẹ pín ara yín ní méjì-méjì. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má sáré gbàdúrà kí ẹ sì dìde. Ẹ jókòó. Ẹ bi wọ́n léèrè àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ti lọ, kí wọ́n dárúkọ wọn fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ká tiẹ̀ ní ìtàn kan náà ni wọ́n sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Èmi ni tiyín nínú Kristi,
Olùṣọ́-àgùntàn yín