Gbé fóònù ẹ, ọmọ mi

Ọmọ mi,

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí mo ti ń pè ẹ́ tí o ò gbé fóònù. Àbúrò ẹ ló sọ fún mi pé o ti pa oògùn ṣúgà ẹ tì, pé àgbo nìkan lo ń mu báyìí, pé ẹnì kan ló ní ewé ló ń dáàbò bo ọkàn. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ ti bímọ o, obìnrin ni, ara àwọn méjèèjì le.

Mi ò bá ewé jà. Metformin tó o pa tì yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ewé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ewé kan tó ń jẹ́ Galega officinalis, kó tó di pé dọ́kítà ará Faransé kan, Jean Sterne, fi wo aláìsàn ṣúgà tó sì ròyìn ẹ̀ lọ́dún 1957. Àmọ́ wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ iye tára lè gbà. Èyí tó wà nínú ìgò ẹ ńkọ́, ta ló wọ̀n ọ́n? Ewúro lè fa ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó o bá dà á pọ̀ mọ́ insulin, abẹ́rẹ́ ṣúgà, láìsọ fún dọ́kítà, ó lè fà á wálẹ̀ débi tí wàá máa gbọ̀n tí wàá sì dákú. Ááyù lè dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Àbúrò ẹ tún ní o ní àyà ò dùn ẹ́. Olówó orí mi, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ṣúgà lè ba iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora jẹ́, ọkàn lè máa kú lọ kí àyà má dunni.

Àyà ò dun bàbá ẹ náà. Òógùn bò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rẹ̀ ẹ́, kò rí èémí mí dáadáa, èmi wá gbé ìkòkò kaná, mò ń se ewé fún un. Mo máa ń sọ fún yín pé òjijì ló lọ. Kì í ṣe òjijì. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán la fi jókòó ti ìkòkò yẹn. Èmi náà ni mo ní kó sinmi oògùn ẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

O tiẹ̀ gbójú o, ìwọ tó o mọ̀wé! Gbé ìgò yẹn lọ bá dọ́kítà, má fi nǹkan kan pa mọ́, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ, cholesterol ẹ, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àti ọkàn ẹ wò. Tí òógùn òjijì bá bò ẹ́, tàbí tí èémí ẹ kúrú, má se nǹkan kan, ọsibítù ni kó o sáré lọ, kódà bí àyà ò dùn ẹ́.

Tó o bá ń bínú sí mi nítorí bàbá ẹ, bínú. Màá pè lálẹ́ òní, jọ̀ọ́ gbé e.

Màmá ẹ