Ìkéde: Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ ní Ìpàdé Wa Tó Ń Bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kí yín o. Ọ̀rọ̀ Anne Sullivan àti Helen Keller la ó fi ṣíde ìpàdé. Ọdún 1887 ni Anne bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Helen, ọmọ ọdún 6 tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn. Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà kan sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń fi ìka kọ orúkọ omi sí àtẹ́lẹwọ́ kejì títí ó fi yé e. Ojú Anne fúnra rẹ̀ kò sì dá ṣáká o!

Kí kálukú múra láti sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, “olùkọ́ dáadáa ni” nìkan kò tó. Ohun tó ṣe gan-an la fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé.