Ẹ Má Fi Sáà Méjì ní Lọ́ńdọ̀nù Wọn Iṣẹ́ Shevchenko

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ojú ewé eré ìdárayá. Mo ka àkójọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn atamátàsé tí wọ́n fi owó gọbọi rà, tí wọn kò sì já mọ́ nǹkan ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà kan péré ni ẹ fi parí ọ̀rọ̀ Andriy Shevchenko: pé nǹkan bí 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni Chelsea san lórí rẹ̀ ní ọdún 2006, àti pé góòlù 9 péré ni ó jẹ ní líìgì. Kò sí irọ́ nínú iye méjèèjì. Ohun tí mo ń bá yín wí lé lórí ni pé ẹni tí kò bá mọ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ yóò ka ìwé ìròyìn yín tán pẹ̀lú èrò pé ọ̀lẹ kan ni ó wá jẹ owó olówó ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrò yìí kan náà ni mo ń gbọ́ ní àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́ níbí, láti Alágbàká títí dé Ọjà Ọba, níbi tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí ó gba Ballon d'Or, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Yúróòpù, ní ọdún 2004 ti ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọdún 1976 ni wọ́n bí i ní abúlé Dvirkivshchyna, ní agbègbè Kyiv, nígbà tí Ukréìn ṣì wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ilé iṣẹ́ amúnáwá Chernobyl bú gbàmù ní oṣù Kẹrin ọdún 1986, tí wọ́n sì kó òun àti àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn kúrò ní ìlú. Láàárín àkókò yẹn náà ni ilé-ìwé eré ìdárayá kan ní Kyiv kọ̀ láti gbà á, nítorí pé ó kùnà nínú ìdánwò fífi ẹsẹ̀ darí bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn ohun ìdènà. Dynamo Kyiv rí i níbi ìdíje àwọn ọmọdé, wọ́n sì mú un. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe olùkọ́ girama kò lè ṣàì dúró díẹ̀ níbí. Ìdánwò náà kò purọ́, torí Shevchenko kò fìgbà kan di ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù dárà. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni sísá wọ ẹ̀yìn àwọn olùgbèjà ní àsìkò tí ó yẹ gan-an, àti gbígbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ jù lọ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára rẹ̀ nílé kí ẹnikẹ́ni tó fi owó rà á. Ọdún 1994 ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà Dynamo, ọdún 1999 ni ó sì kúrò níbẹ̀. Márùn-ún léraléra ni ife líìgì Ukréìn tí wọ́n gbà láàárín àkókò náà. Ní ọdún 1997 ni Valeriy Lobanovskyi padà wá gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọkùnrin yìí àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ń jẹ́ Anatoliy Zelentsov ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, nígbà tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá lágbàáyé ṣì ń fi ojú lásán ṣe ìdájọ́. Lójú Lobanovskyi, atamátàsé tí kò bá lè padà sẹ́yìn láti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá kò yẹ ní pápá. Ní ibùdó ìgbaradì wọn, wọ́n máa ń sáré gun òkè kan léraléra títí àwọn mìíràn yóò fi bì. Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ rọra gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí, kí ó wá rò ó wò bí ó ṣe máa rí bí wọ́n bá ní kí ó sá a lọ, kí ó sá a bọ̀, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Èso rẹ̀ hàn ní ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 1997. Ní pápá Barcelona gan-an, Shevchenko jẹ góòlù mẹ́ta kí wọ́n tó lọ ìsinmi àbọ̀ eré, Serhiy Rebrov sì fi ẹ̀kẹrin kún un ní abala kejì, ó di 4-0. Rebrov àti òun mọ ibi tí ẹnì kejì yóò wà láìwẹ̀yìn. Ní ọdún 1999, wọ́n lé Real Madrid kúrò nínú Champions League pẹ̀lú àpapọ̀ 3-1, Shevchenko ni ó sì jẹ góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàdé Bayern Munich ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá: wọ́n ta ọ̀mì 3-3 ní Kyiv lẹ́yìn tí Dynamo ti ń borí 3-1, Bayern sì fi 1-0 yọ wọ́n ní Jámánì. Kí ará Àkúrẹ́ tí ó bá ń ka èyí má rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2012, Sunshine Stars wa náà dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Champions League ti Áfíríkà, wọ́n ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ní ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì pàdánù 1-0 ní Íjíbítì. A mọ bí ó ṣe ń dunni.

Milan ra Shevchenko ní ọdún 1999. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ítálì, ó jẹ góòlù 24, kò sì sí ẹni tí ó jẹ jù ú lọ ní líìgì náà. Iye kan náà ni ó tún fi gba ipò kìíní ní sáà tí ó parí ní ọdún 2004, ọdún tí Milan gba ife líìgì. Ní Manchester, nínú àṣekágbá Champions League ti ọdún 2003, òun ni ó gbá pẹnáríìtì ìkẹyìn tí ó borí Juventus, Gianluigi Buffon sì ni aṣọ́lé. Lobanovskyi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Shevchenko gbé àmì-ẹ̀yẹ náà lọ sí ojú oórì rẹ̀ ní Kyiv, n kò sì rò pé Yorùbá kankan nílò àlàyé lórí ìyẹn. Lóòótọ́, ní Istanbul ní ọdún 2005, Jerzy Dudek ti Liverpool mú pẹnáríìtì tirẹ̀, ife sì bọ́ lọ́wọ́ Milan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó padà sí Istanbul, ó sì jẹ góòlù mẹ́rin nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú Fenerbahçe. Àwọn tí ń fi ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ bú u kì í rántí ìkejì.

N kò sọ pé ó ṣe dáadáa ní Chelsea. Kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ọmọ 30 ọdún nígbà tí ó débẹ̀, ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá, Didier Drogba ni gbogbo eré wọn sì dá lé, tí Drogba fúnra rẹ̀ jẹ góòlù 20 ní líìgì ní sáà yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé Roman Abramovich tí ó ni ẹgbẹ́ náà ni ó fẹ́ ẹ, kì í ṣe José Mourinho tí yóò lò ó. Síbẹ̀, góòlù 14 ni ó jẹ nínú gbogbo ìdíje ní sáà àkọ́kọ́, tí ọ̀kan nínú wọn sì dá eré padà sí 1-1 fún Chelsea ní Valencia kí Michael Essien tó parí iṣẹ́ náà. Ọdún 2006 yẹn ni John Mikel Obi tiwa náà dé Chelsea, òun àti Drogba ni ojú wa sì wà lára. Nítorí náà, agbábọ́ọ̀lù tí ó ti rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ rí, a sì pè é ní gbogbo ìtàn rẹ̀. Nígbà tí Milan yá a padà fún sáà kan, kò jẹ góòlù kankan ní líìgì níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó fi hàn pé ọjọ́ orí ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní ti orílẹ̀-èdè rẹ̀, òun ni balógun ikọ̀ tí ó gbé Ukréìn lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2006, ọdún tí Angola gba ipò wa, wọ́n sì dé kòmẹsẹ̀-ó-yọ kí Ítálì tó lé wọn. Ó padà sí Dynamo ní ọdún 2009, níbi tí Ayila Yussuf àti, lẹ́yìn náà, Brown Ideye, ọmọ Nàìjíríà, ti bá a gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2012, ní ọmọ ọdún 35, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Swídìn lẹ́ẹ̀mejì ní Kyiv nínú ìdíje ife ilẹ̀ Yúróòpù, Ukréìn sì borí 2-1. Ìṣèlú tí ó gbìyànjú lẹ́yìn èyí kò yọrí, n kò sì ní fi àyè yín ṣòfò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Ukréìn tí ó ṣe láti ọdún 2016 sí 2021 ni ó tó sọ: òun ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Dnipro ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí Joe Aribo àti Victor Osimhen fi Super Eagles síwájú 2-0, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì dá a padà sí 2-2. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ó ti jẹ́ ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Ukréìn, tí ogun ṣì ń jà nílẹ̀ wọn.

Mo kọ èyí nítorí pé àwọn òbí kan ń wá aṣojú tí yóò ta ọmọ wọn sí òkè òkun kí ọmọ náà tó parí sáà kan nínú líìgì wa, irú àkójọ tí ẹ gbé jáde ni wọ́n sì ń kà. Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye ọdún tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti lò nílé àti orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ owó tí wọ́n fi rà á, kí ẹ sì kọ góòlù tí ó ti jẹ níbòmíràn. Ti Shevchenko yóò gbà ju ìlà kan lọ: 175 fún Milan, àti 48 fún Ukréìn nínú eré 111.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè Àró, Àkúrẹ́.