Ẹ wá parí gọ́tà tí ẹ pa tì sórí òkè wa

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá èyí tí èèyàn ń dá rò sínú. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ajé ti gbé ògiri ọgbà aládùúgbò wa lọ ní òkè Ògùdù níbí. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni o, kì í ṣe páànù. Òpó iná tó wà níwájú rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Páìpù omi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un ti yọ síta, ó ń fì lórí kòtò. Kòtò tí àwọn ọmọdé ń fò kọjá lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, bí àgbàlagbà bá wọnú rẹ̀ báyìí, a ò ní rí orí rẹ̀.

Wọn yóò ní òjò ló fà á. Òjò ti ń rọ̀ sórí òkè yìí kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Gọ́tà ló fà á. Àwọn tó ṣe títì lókè lọ́hùn-ún gbẹ́ gọ́tà sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n darí omi òjò ojúlé rẹpẹtẹ sínú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì dé agbedeméjì òkè, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n kó katapílà wọn lọ. Omi tí ì bá tú ká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n kó o sójú kan, wọ́n wá dà á sórí iyẹ̀pẹ̀ lásán. Wọ́n kó omi jọ, wọn ò kó o débì kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ilẹ̀ fi ń yára lọ báyìí, kó wá wo ẹ̀gbẹ́ kòtò náà lójúmọmọ. Ilẹ̀ dúdú ló wà lókè pátápátá, kò sì nípọn rárá. Ewé tó ti jẹrà àti gbòǹgbò koríko ló dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ di ilẹ̀ yẹn, ó sì máa ń gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí íǹṣì kan péré tó dì. Ilẹ̀ pupa ló tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni òjò àti ooru ti ṣiṣẹ́ lé lórí fún àìmọye ẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n ti ṣan èyí tó lè yọ́ kúrò nínú rẹ̀, tó wá ku irin. Irin tó dípẹtà yẹn ló mú kó pọ́n, òun náà ló ń mú kó le gbagidi bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ilẹ̀ pupa, yanrìn ni. Kò sí àpáta bíi Olúmọ nítòsí ẹsẹ̀ wa l'Ékòó. Àwọn àpáta ìhà Abẹ́òkúta àti òkè lọ́hùn-ún ni oòrùn, òjò àti gbòǹgbò igi ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ayébáyé, tí àwọn odò bíi Ògùn ń kó èérún wọn bọ̀ wá sétí òkun. Orí irú èérún bẹ́ẹ̀ ni a kọ́lé sí, láti Kétu títí dé Yábàá.

Nítorí náà, omi kì í bá ilẹ̀ pupa jà. Abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà. Ó ń fa yanrìn yọ nísàlẹ̀, ilẹ̀ pupa á dúró lókè bí àjà, ẹ ó rò pé kò sí nǹkan, títí yóò fi já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ògiri aládùúgbò wa ṣe lọ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ kọ́ ni kòtò ọ̀hún ń gùn sí bí àwọn kan ṣe rò. Òkè ló ń gùn bọ̀, síbi tí omi ti ń já bọ́, síbi ẹnu gọ́tà. Ilé tó wà lẹ́nu gọ́tà ló kàn.

A ti kígbe títí. A ti kọ̀wé. Ẹgbẹ́ onílé ti lọ jókòó de àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní àwọn ti rí i. Ọ̀kan nínú wọn tún sọ fún ìyá àgbàlagbà kan pé kí wọ́n máa da pàǹtí síbẹ̀ kó lè dí. Pàǹtí! Òjò ẹyọ kan ló gbé e lọ, àti àpò yanrìn tí a fi owó ara wa rà, àti táyà ọkọ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò tò síbẹ̀. Odò Ìyá Aláró ni gbogbo rẹ̀ lọ bọ́ sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí kò gbé orí òkè. Iyẹ̀pẹ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ wa kì í sọnù. Odò ló ń lọ dí, omi ò ní rí ọ̀nà gbà lọ sínú ọ̀sà, á wá yà wọlé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn yóò gbé katapílà wá, wọn yóò kó iyẹ̀pẹ̀ jáde, wọn yóò sì kó o jọ sí bèbè níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ á dá a padà sínú odò. Owó ìlú ni wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lórí iyẹ̀pẹ̀ kan náà.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó to òkúta wọnú òkun kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè wọ èbúté. Yanrìn tí ìgbì ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn há síbẹ̀, kò dé Bar Beach mọ́, òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ilẹ̀ náà wọlé. Owó gọbọi ló ti wọ ibẹ̀, Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn dá sórí òkun, náà sì ti wà níbẹ̀ báyìí pẹ̀lú ògiri tó dojú kọ òkun. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣé àwa tí ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa lórí ilẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe ará Èkó ni?

Kí wọ́n parí gọ́tà yẹn dé odò, kí wọ́n fi kọnkéré ṣe àtẹ̀gùn sí i níbi tó ti dagẹ̀rẹ̀, kí omi má bàa máa sáré. Kí wọ́n gbin koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìnnà, bíi vetiver, sí ẹ̀gbẹ́ kòtò. Kí wọ́n lé àwọn tó ń fi òru wa yanrìn lẹ́sẹ̀ òkè.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń pariwo rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé onílé, tí mo sì fẹ́ kí ìjọba sọ dòfin, ni omi orí òrùlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 lóòró, mítà 10 níbùú, bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà omi 5,000 ló já bọ́ lórí rẹ̀. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun l'Ékòó nínú oṣù kẹfà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 200 nìyẹn, láti orí ilé kan. Bí ilé bá jẹ́ 20 lójú títì kan, ó ti di lítà 100,000. Àgbàlá tí a ti fi síméǹtì tẹ́ pátá ló ń bọ́ sí, ilẹ̀ ò rí i mu, ó ń gba abẹ́ géètì sáré lọ sínú gọ́tà. Ẹ̀rùn ò ní í tíì pé, a ó sì máa wá mẹ́ruwà kiri àdúgbò kan náà! Ilé tuntun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí pláànù rẹ̀, kó ní páìpù tó ń gba omi òrùlé àti táǹkì tó lè gbà á dúró. Kí àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ lọ sínú kòtò tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí, níbi tó jìnnà sí etí òkè, kí ilẹ̀ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n sì fi apá kan àgbàlá sílẹ̀ fún koríko. Ní ti ilé àtijọ́, kí wọ́n dín owó ilẹ̀ kù fún onílé tó bá ra táǹkì. Èmi ti gbé méjì sílé mi. A fi ń fọṣọ, a fi ń fọlẹ̀, omi tó ń jáde lẹ́nu géètì mi nígbà òjò ò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn kan ládùúgbò ti ń wá wò ó.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa onílé ò gbà, ṣùgbọ́n apá wa ò ká gọ́tà tí ìjọba gbẹ́. Wọ́n kó omi jọ, wọn ò kó o débì kankan. Àwọn ló yẹ kó wá kó o débi tó yẹ. Oṣù kẹjọ ń wọlé, òjò máa ń dá díẹ̀ nínú rẹ̀, tó bá di oṣù kẹsàn-án yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n wá kó àwọn tó ń gbé lẹ́nu gọ́tà kúrò níbẹ̀ ná, kí kọngílá padà sẹ́nu iṣẹ́ kí òjò tó padà. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa mú wọn débẹ̀, ẹgbẹ́ onílé wa wà ní sẹpẹ́.

Èmi ni tiyín,
Onílé kan ní Ògùdù, Èkó